Ìgò Oògùn Inú Ìkòkò Ọ̀ṣun

Iná mànàmáná tí wọ́n mú wá sí Kémta ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kò lọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó ní fáànù fi fáànù sùn, àwọn tó ní áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan kalẹ̀, ẹni tí kò sì ní ohun kan tó ń lo iná ń bá àwọn tó ní dúpẹ́. Nínú gbogbo àdúgbò, Lydia nìkan ni iná yìí ṣe ní jàǹbá, kò sì tíì mọ̀ nígbà tó ń kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Ameenah ní kùtùkùtù.

Ameenah, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Mojí, ló ń ta omi tútù àti yìnyín lójú títì. Ó ṣí fírísà rẹ̀, ó ti àwọn ọ̀rá omi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní láti fi ọ̀bẹ ha ìsàlẹ̀ kí ó tó rí ọ̀rá kékeré kan fà yọ.

"Oògùn Àánú rèé o, Ìyá Àánú. Ẹ má bínú pé ẹ ò bá mi nílé lálẹ́ àná, ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo lọ. Àmọ́ ó tutù dáadáa. Iná ò ṣẹ́jú rárá."

Lydia gba ọ̀rá náà. Ìgò inú rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó gbé e sókè sí ojúmọmọ, ó yí i dà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò mì. Ó tún un yí dà, ó fi ìka gbá a. Yìnyín gbagidi ni.

Ó jókòó sórí àpótí tí Ameenah máa ń jókòó lé.

"Kí ló dé? Ẹ ní kí n bá yín fi í síbi tó tutù, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Mojí. Ẹ ṣeun." Kí ni ì bá tún sọ? Ameenah kò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ló jókòó sórí àpótí yẹn.

Oògùn náà ni ínsúlínì, abẹ́rẹ́ àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Àánú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ kan ṣoṣo tí Lydia bí, ń gbà á láàárọ̀, ó sì ń gbà á lálẹ́. Bí kò bá gbà á, oúnjẹ tó jẹ yóò máa di májèlé sí i lára. Àjọ Ọmọ Yóò Yè, àjọ kan ní Ìbarà tí kì í ṣe ti ìjọba, ló ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, nọ́ọ̀sì àjọ náà ló sì kọ́ àwọn ìyá bí wọn yóò ṣe tọ́jú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ooru mú un, ẹ má sì jẹ́ kí ó dì. Ẹni tí kò ní fíríìjì, kí ó fi sínú ìkòkò amọ̀ tí omi wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá ti dì ti kú, bó bá yọ́ tán, ẹ dà á nù, ẹ má gún un fún ọmọ.

Ìkòkò kan ṣoṣo ló wà nílé wọn tí omi rẹ̀ ń tutù tọ̀sán tòru, ìkòkò Ọ̀ṣun ni. Ọ̀ṣunmọ́lá, ìyá ọkọ Lydia, ló ni ín. Ó wà ní kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí oòrùn kì í dé, Ìyá kì í sì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ pẹ́ kí ó tó pààrọ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé oògùn ọmọ síbẹ̀. Ó ní Ọ̀ṣun tó ń fi omi tútù wo ọmọ wẹ́wẹ́ kò ní lé oògùn ọmọ jáde. Lydia, tí baba ńlá rẹ̀ ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kí wọ́n tó bí baba rẹ̀, fi ìgò náà sínú ike olómorí, ó ń tì í bọ inú omi yẹn láràárọ̀ àti lálaalẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ.

Nígbà tí àwọn Ẹgbẹ́ Ìyá wá ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú pé àwọn ń bọ̀ wá kí Àánú lẹ́yìn ìsìn, àyà Lydia já. Màmá Olúbọ̀dé, olórí ẹgbẹ́ náà, kì í wọ ilé kí ojú rẹ̀ má wọ gbogbo kọ̀rọ̀. Lydia sáré yọ oògùn kúrò nínú ìkòkò Ọ̀ṣun, ó gbé e lọ sí fírísà Ameenah. Àwọn àlejò dé, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà, wọ́n yin ọbẹ̀, wọ́n lọ. Ìgbà tí yóò fi padà lọ gba oògùn, Ameenah ti ti ilẹ̀kùn. Abẹ́rẹ́ alẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀. Lydia ní ẹ̀ẹ̀kan péré kò lè ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Ìtìjú ló ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì fetí sí i.

Nígbà tó délé, Fábáyọ̀, ọkọ rẹ̀, ń nu ọ̀kadà tó fi ń ṣiṣẹ́. Ó wo ìgò náà, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ta ló gbé e kúrò nínú ìkòkò?"

Lydia yíjú sí kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá mú ọwọ̀ lọ́wọ́, ó ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò gbé orí sókè.

"Èmi ni," ni Ìyá wí. "Mo fẹ́ pààrọ̀ omi, mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Mojí."

Fábáyọ̀ mí kanlẹ̀. Kò sí bí yóò ṣe bá ìyá tó bí i lọ́mọ jà, ó bá yíjú ìjà sí ọ̀dọ̀ ìyàwó. "Ìwọ wá rí ìyá àgbà tó gbé oògùn ọmọ ẹ kúrò níbi tó yẹ kó wà, o ò gbé e padà? Kí lò ń ṣe lánàá? Ìrẹsì lò ń bù fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì."

"Bàbá Àánú, ẹ jọ̀ọ́."

"Yìnyín ṣá ni. Gbé e sínú oòrùn, yóò yọ́. Omi ni yóò dà. Kí ló lè bàjẹ́ lára omi?"

"Nọ́ọ̀sì ní tó bá ti dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì. Gba òmíràn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ẹ nígbà náà."

Àánú jáde láti inú yàrá, ó di ife mú. Omi ló tún fẹ́ mu, ó ti ń mu ún láti òru, ó sì ti ń tọ̀ ọ́ láti òru. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. "Mọ́mì, ebi ń pa mí." Ẹ̀kọ gbígbóná wà nínú ìkòkò, àkàrà wà nínú abọ́. Lydia wo oúnjẹ, ó wo ọmọ, kò mọ èwo ni kó fún un. Ìyá tó mọ ohun tí ojú ń sọ fọ́ ẹyin sísè kan, ó fi lé ọmọ lọ́wọ́, ó gbé ẹ̀kọ kúrò nílẹ̀.

"Máa lọ sí Ìbarà," ni ó wí fún Lydia. "Èmi yóò wà pẹ̀lú rẹ̀." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lydia ì bá fẹ́ràn kí ó bú òun.

Géètì Àjọ Ọmọ Yóò Yè wà ní títì. Pátákó tí wọ́n fi kọ orúkọ sí ti kúrò lára ògiri, ihò ìṣó mẹ́rin ló kù. Obìnrin kan jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì náà, ọmọ rẹ̀ sùn lé e lẹ́sẹ̀, ó di fúláàsì oúnjẹ kan mọ́ra. Lydia mọ̀ ọ́n. Christianah ni, láti Ọ̀fàdà. Àwọn méjèèjì jọ máa ń pàdé níbí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín oògùn. Tóbilọ́ba ọmọ rẹ̀ àti Àánú jọ ń ṣàìsàn kan náà ni.

"Wọ́n ti kó lọ," ni Christianah wí kí Lydia tó bèèrè.

Mégáàdì tó ń ṣọ́ ilé náà yọjú láti inú. Ó ní láti ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ó ní àwọn òyìnbó tó ń rán owó ránṣẹ́ ni wọ́n ní àwọn ò rán mọ́, pé nọ́ọ̀sì ń sunkún nígbà tó ń pàlẹ̀ ẹrù, àti pé ọkọ̀ kan wá gbé fíríìjì lọ.

"Kò sí ẹni tó pè wá," ni Lydia wí.

"Wọ́n ní wọ́n fi ìròyìn ránṣẹ́ sórí wásáàpù."

Fóònù tẹ-ń-tẹ tí kò ní wásáàpù ni Lydia ní, Christianah kò ní rárá. Aṣọ àyálò kì í yẹ ọmọ èèyàn. Bó bá tilẹ̀ bá ni lára mu, ọjọ́ tí ẹni tó ni aṣọ bá fẹ́ ẹ, kì í bèèrè bóyá òtútù ń mú ni.

Lydia sọ ti yìnyín fún Christianah. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ìkòkò Ọ̀ṣun àti ojú tó tì í, nítorí pé ó rọrùn láti sọ ọ́ fún ẹni tí kò bá a gbélé. Ó ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Kémta ni ilé àwọn, ilé Ọ̀ṣunmọ́lá, pé bí Christianah bá gbọ́ ibi tí oògùn bá wà, kí ó jọ̀ọ́, kí ó ránṣẹ́. Christianah ń gbọ́. Ó yí fúláàsì náà sí abẹ́ apá kejì, kò sọ nǹkan kan. Lydia rò pé àárẹ̀ ni.

Ó kọjá sí ilé ìwòsàn ìjọba. Nọ́ọ̀sì tó bá níbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni.

"Ìyá, a ò ní i. Látìgbà tí àwọn NGO yẹn ti ń ṣe é, wọn ò ra ti ọmọdé fún wa mọ́. Ọ̀dọ̀ wọn la máa ń ní kí àwọn ìyá ọmọ lọ."

"Wọ́n ti lọ, sísítà."

Ìwé tí nọ́ọ̀sì náà ń kọ, kò kọ ọ́ mọ́. "Wọ́n ti lọ?"

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà yìí o, ó wà níbẹ̀ dáadáa, àsíá rẹ̀ ń fẹ́ lórí òrùlé. Àlejò ló bá a tún orí ọmọ ṣe, òun bá fẹ̀yìn ti ìgànná, ó sùn. Àlejò ti relé, àgbà kò tíì jí.

"Ẹ bá mi wá a káàkiri," ni nọ́ọ̀sì náà wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ rà á wá, a ó bá yín gún un fún ọmọ. Àmọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí gulegule, tàbí tí ẹnu ẹ̀ bá ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù, ẹ má dúró wo nǹkan kan. Ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀."

Ní Kuto, ilé oògùn àkọ́kọ́ kò ní i. Èkejì ní wọ́n ń retí rẹ̀ láti Èkó. Ẹ̀kẹta ní i, ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà nídìí káńtà gbé e sókè kí Lydia rí i, ó sì sọ iye tó jẹ́. Ohun tí Fábáyọ̀ ń mú wálé lóṣù kò tó o. Lydia ṣì dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tó ti gbọ́, bí ẹni pé ọ̀dọ́mọbìnrin náà lè sọ iye mìíràn. Àwọn oníbàárà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Nínú takisí tó gbé e padà, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Láti àárọ̀ ló ti ń sáré, ẹni tó ń sáré kì í ráyè bẹ̀rù. Ó jókòó wàyí, kò sí ibi tó kù láti sáré lọ.

Àwọn ará ilé ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àánú wà lórí ẹní, orí rẹ̀ wà lórí itan Ìyá. Ó ti bì. Ẹnìkan ní kí wọ́n fún un ní epo pupa. Ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán, pé kí wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Ameenah fara ti ògiri, ó ń sunkún láìpariwo, ó ń sọ ohun kan náà ṣáá pé òun kò mọ̀, pé wọ́n ní kí òun fi í síbi tó tutù ni.

Lydia kúnlẹ̀, ó gbé imú sún mọ́ ẹnu ọmọ rẹ̀. Ó gbóòórùn. Ó tún gbóòórùn. Òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni, àbí ti èébì lásán? Kò mọ̀. Ó ti gbóòórùn ẹnu yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò mọ̀.

"Mọ́mì, ó ń rẹ̀ mí."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Má sùn. Bá mi sọ̀rọ̀."

Fábáyọ̀ wọlé, eruku bò ó. Ó ti lọ bá gbogbo ẹni tó lè yá a lówó, ojú rẹ̀ sì ti sọ ohun tó bá bọ̀. Ó lọ tààrà sí ojú fèrèsé níbi tí ìgò àárọ̀ wà. Ó ti yọ́. Ó mọ́ lóló, ó ń mì nínú ìgò bí omi tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

"Wò ó," ni ó wí. "Ó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ ni?"

Kò yàtọ̀. Ibi tí ẹ̀rù wà gan-an nìyẹn.

"Lydia, a ò lè máa wò ó kó kú lójú wa torí nọ́ọ̀sì tó ti kó ẹrù lọ. Gún un."

Lydia mú abẹ́rẹ́ tuntun, ó fi gún ìdérí ìgò, ó fà á. Bó bá gún un tó sì jẹ́ òkú oògùn, wọn yóò jókòó máa retí ìwòsàn tí kò ní í dé, nígbà tí ọmọ ń lọ. Bí kò bá gún un, kí ló fẹ́ ṣe? Ó gbójú sókè wo Ìyá. Ìyá ń wò ó, ojú rẹ̀ pọ́n, òun náà kò mọ̀.

"Ẹ má gún un."

Christianah ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tóbilọ́ba wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀já, bó ti dàgbà tó. Ó wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, ó kúnlẹ̀, ó ṣí fúláàsì oúnjẹ rẹ̀. Omi tútù ló wà nínú rẹ̀ àti ọ̀rá kékeré kan. Nínú ọ̀rá náà ni ìgò wà.

"Mo ní i lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀," ni ó wí. Lydia nìkan ló ń wò. "Mo gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, mo dákẹ́. Ìdajì ló kù, òun nìkan la sì ní. Mo ti dé Kuto. Mo ti wọ mọ́tò, ó ti kún, dẹ́rẹ́bà ti ń ṣáná sí i. Mo ní kó jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀."

Lydia sọ abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nù, ó mú tuntun, ó fa ìwọ̀n tí nọ́ọ̀sì kọ́ ọ, ó gún ọmọ rẹ̀ níkùn.

Wọ́n dúró dè é. Fábáyọ̀ gbé ọ̀kadà sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú rẹ̀ sí títì, kó lè gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn bí èémí rẹ̀ bá yí padà. Lydia ń fún un lómi díẹ̀díẹ̀, ó ń gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí Àjọ fún wọn láti máa fi wo ṣúgà kọ́kọ́ ní ó ga ju ohun tí òun lè kà lọ. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó kà á. Ó ṣì ga, ṣùgbọ́n ó kà á. Nígbà tí wọ́n tún wò ó, ó ti wálẹ̀ sí i. Àánú dìde jókòó, ó bèèrè pé ta ni ọmọ tó ń sùn lórí ẹní òun.

Àkókò yìí ni Màmá Olúbọ̀dé dé pẹ̀lú ìyá kan nínú ẹgbẹ́. Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó kí wọn kú àìfararọ, ó jókòó, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rin kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀.

Ìgò Christianah wà lọ́wọ́ Lydia. Ó fi sínú ike olómorí, ó dìde, ó rìn kọjá níwájú àwọn àlejò lọ sí kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ṣí ìkòkò Ọ̀ṣun, ó ti ike náà bọ inú omi. Màmá Olúbọ̀dé tẹjú mọ́ ìkòkò náà.

"Bàbá Àánú," ni Lydia wí láìyíjú padà. "Kì í ṣe Ìyá ló gbé e kúrò níbí lánàá. Èmi ni. Ojú ló ń tì mí."

Fábáyọ̀ wo ìyá rẹ̀.

"Mo mọ̀," ni Ìyá wí. "Mo rí i nígbà tó ń gbé e." Ó yíjú sí Christianah. "Ìyá Tóbilọ́ba, ẹ má lọ sí Ọ̀fàdà lónìí. Ẹ sùn síbí, ẹ máa gbé níbí títí a ó fi rí oògùn mìíràn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Omi yìí á gba méjì."

Omi gba méjì lóòótọ́. Oògùn inú rẹ̀ ni kò gba méjì. Ohun tí ì bá tó ọmọ kan fún ìgbà díẹ̀ kò ní pẹ́ lọ́wọ́ ọmọ méjì, gbogbo àwọn tó wà nínú ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fábáyọ̀ ní bí ilẹ̀ bá mọ́, òun yóò gbé Christianah àti Lydia lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba, pé wọn yóò jókòó síbẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi dá wọn lóhùn. Màmá Olúbọ̀dé ní òun mọ ẹnìkan níbẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ń wo ìkòkò.

Wọ́n jẹun. Ẹ̀fọ́ àti ẹja ni Ìyá sè, ó bu òkèlè díẹ̀ sí ti àwọn ọmọ. Àánú àti Tóbilọ́ba sùn lórí ẹní kan náà, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ooru mú, kò sí atẹ́gùn, òkùnkùn bo gbogbo Kémta.

Lójijì, iná dé. Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàn, fáànù ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, gbogbo ọmọ àdúgbò sì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Úùpù NÉPÀ!" Ní ojú títì, fírísà Ameenah bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Lydia ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde. Ó ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò Ọ̀ṣun títí dé ìgúnpá, ó wá ike náà kiri nínú omi tútù títí ó fi kàn án, ó yọ ìgò jáde, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i dà. Oògùn inú rẹ̀ mì. Kò pọ̀.